Ọjọ́ Márùn-ún Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìwé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹlẹ́rìí tí mo jẹ́ kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ẹ̀kọ́ nípa ìtàn ni mo kọ́ ní yunifásítì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ mi pé kí n máa fura sí ẹnikẹ́ni tó bá ní òun rántí gbogbo nǹkan dáadáa. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fura sí ara mi. Mo ní ìwé ìrántí mẹ́rìnlá tí mo kọ nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn ará ìlú, létí ọ̀sà, nítòsí Ajáh. Ikán ti jẹ méjì nínú wọn, òjò sì ti ba ẹ̀kẹta jẹ́. Níbi tí ìwé àti ọpọlọ mi kò bá ti fẹnu kò, n ó sọ ohun tí àwọn méjèèjì wí, kí ẹ̀yin fúnra yín ṣe ìdájọ́. Ìtàn náà kì í ṣe ti ẹkún. Ẹ̀rín ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi gan-an ni wọ́n ń rín níbi tó dùn jù.

Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò gùn. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, mo rí ìkéde nínú ìwé ìròyìn, mo kọ̀wé, wọ́n pè mí, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà tó mi jẹun, ó sì ń ṣẹ́ kù díẹ̀ fún ìwé kíkà. Kò sí ohun mìíràn láti sọ nípa rẹ̀.

Ẹ má fi ojú òní wo ibẹ̀. Láti ẹ̀bá Ọ̀nírù títí dé Ajáh, iyanrìn ni, igi àgbọn ni, ẹrẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń kánjú, ojú omi ló ń gbà. Yàrá méjì àti àtíbàbà kan ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà nígbà tí mo dé. Ìdílé kan tó jẹ́ onílẹ̀ ládùúgbò ló fún ìjọba ní ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ sí, wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọdọ̀ torí ọjọ́ orí lé ẹnikẹ́ni padà. Nítorí náà, àwọn tó ń jókòó níwájú mi jẹ́ apẹja, awakọ̀, mọlémọlé, àti àwọn ìyá tó ń hun ẹní. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin péré la ní: ìwé kíkọ àti kíkà, aṣọ rírán, iṣẹ́ káfíńtà, àti ọkọ̀ ojú omi kíkàn. Kì í ṣe aago ló ń sọ ìgbà tí kíláàsì yóò bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn apẹja bá ti wọlé láti ojú omi, tí wọ́n ti fọ àwọ̀n wọn, a bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá pe ìrun, a dúró.

Ìyá Sàbí, tó ń hun ẹní, ló kọ́kọ́ gbà mí lálejò. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, wọ́n gbé kálàmù sílẹ̀, wọ́n wò mí pẹ̀lú àánú.

"Mísì, ọdún mélòó lẹ fi kọ́ ìwé tí ẹ mọ̀ yìí?"

"Ọdún mẹ́rìndínlógún, mà."

"Háà! Ẹ̀yin náà ò tètè mọ̀ ọ́n, àbí?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tó ń tijú mọ́ láti ṣì í kà níwájú mi.

Ọ̀gá àgbà wa, Ọ̀gá Olúgbèmí, ní òfin kan tí n kò rí irú rẹ̀ níbòmíràn. Olùkọ́ tuntun gbọ́dọ̀ máa fi ààbọ̀ ọjọ́ lójoojúmọ́ ṣe ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà, fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n ní olùkọ́ máa ń gbàgbé bó ṣe ń rí lára ẹni tí kò mọ nǹkan, ohun tó sì lè rán an létí ni kí òun náà wà nípò yẹn. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi mí sọ́dọ̀ aránṣọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì mú mi lọ sí etí omi, lọ́dọ̀ Bàbá Súnmọ́nù tó ń kan ọkọ̀.

"Bàbá, ọmọ iṣẹ́ tuntun rèé o."

Bàbá wo ojú mi, wọ́n wo bàtà mi. "Ọmọ iṣẹ́ wo? Èyí tó wọ bàtà gogoro yìí?"

"Wọ́n ti jáde yunifásítì, Bàbá."

"Ó dáa. Kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n wá gbálẹ̀."

Mo gbálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ṣa ìṣó tó ti wọ́, mo fi òòlù nà án padà. Lọ́dọ̀ Bàbá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó lórí pákó, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ayùn bá ń lọ. Okùn tí wọ́n ta ní kókó ni wọ́n fi ń wọn nǹkan, ẹ̀ẹ̀mẹta sì ni a gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n kí a tó gé e. Bàbá kì í na ọmọ iṣẹ́, wọn kì í sì í bú u. Ìyà tiwọn burú ju ìyẹn lọ. Bí o bá gé pákó kúrú, ìwọ ni yóò gbé e lérí, kí o sì gbé e yí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ po, láti yàrá dé yàrá, kí o máa kí àwọn ènìyàn pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi wo pákó tí mo bà jẹ́." Èmi náà gbé e. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì tí èmi fúnra mi ń kọ́, Ìyá Sàbí dìde, wọ́n fọwọ́ wọn pákó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ní, "Mísì, kò burú. Ó kàn kù díẹ̀ kó tó pákó ni."

Àwọn tí a jọ wà níbẹ̀ máa ń sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé pákó yípo ní oṣù mẹ́fà náà. Ìwé ìrántí mi sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ni. Ìwé náà ni mo fura sí, nítorí pé èmi ni mo kọ ọ́.

Ọkọ̀ ńlá méjì la kàn nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ Bàbá, ọkọ̀ alápákó tó ń kó èrò. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń fi iná tẹ pákó, bí a ṣe ń ki òwú bọ ojú ìpàdé pákó méjì, tí a sì ń fi ọ̀dà dúdú lé e. Nígbà tí a parí èyí àkọ́kọ́, Bàbá ní kí a tì í sómi. Wọ́n so ó mọ́ òpó, wọ́n ní kí a máa bu omi sínú rẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rì tán. Lẹ́yìn náà, wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ igi àgbọn, wọ́n jókòó.

"Bàbá, kí la fẹ́ ṣe lónìí?"

"À ń dúró."

"Ta là ń dúró dè?"

"Pákó."

Wọ́n di ojú. N kò béèrè mọ́. Ó ti rẹ̀ mí, inú mi sì dùn pé ẹnikẹ́ni kò ní kí n gbálẹ̀. Mo rò pé àgbàlagbà tó ṣe iṣẹ́ ńlá parí ń sinmi ni, ojú sì ń tì í láti pè é ní ìsinmi. Ọjọ́ márùn-ún la fi jókòó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a parí ọkọ̀ kejì, a tún ṣe bákan náà. Nínú ìwé ìrántí mi, mo kọ gbólóhùn kan náà ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tẹ̀ lé ara wọn: "A kò ṣe nǹkan kan lónìí."

Ọdún ń gorí ọdún. Ogun abẹ́lé jà, ó parí. Náírà dé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì wa kúrò ní yàrá méjì, ó di ilé mẹ́ta gígùn tí wọ́n fi páànù bò. A fi ẹ̀kọ́ títẹ̀wé kún un, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin sì ń wọ ọkọ̀ wá láti Lángbàsà àti Bàdóre láti kọ́ ọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mẹ́jọ ni wọ́n fi ọkọ̀ kó wá fún wa, méje ló gúnlẹ̀. Ìkẹjọ wà nísàlẹ̀ ọ̀sà títí dòní. A fi iṣẹ́ iná mànàmáná kún un kí iná tó dé àdúgbò wa, nítorí náà iná jẹnẹrétọ̀ la fi kọ́ wọn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ gbòde, àwọn apẹja fúnra wọn ló wá bá Ọ̀gá Olúgbèmí pé ilé-ìwé wo la pe ara wa tí a kò lè tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Láàárín oṣù díẹ̀, a ti ń kọ́ wọn níyẹn náà.

Àyípadà irinṣẹ́ kò dùn mọ́ Bàbá Súnmọ́nù nínú ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ayùn oníná dé, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di etí, wọ́n ní kí a mú ẹkùn náà jáde nílé òun. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo bá wọn níbi tí wọ́n dúró tì í, tí wọ́n ń fọwọ́ pa á lórí. "Mísì, ẹ bá mi pe ẹni tó ń tan nǹkan yìí. Ó ti jí láti àárọ̀, kò rí pákó jẹ." Láti ìgbà náà, wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fi rágì nù ún.

Ṣùgbọ́n pákó gidi ti ń wọ́n. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àtúnṣe ọkọ̀ ògbólógbòó àti bẹ́ǹṣì kíláàsì ni ẹ̀ka Bàbá ń ṣe, wọn kò kan ọkọ̀ ńlá tuntun. Èmi náà kúrò nídìí pátákó ìkọ̀wé, mo di akọ̀wé tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo ń tẹ ìwé, mo ń ka ìwé, mo ń fi ìwé ránṣẹ́. Mo ti gbàgbé bí ọ̀dà dúdú ṣe ń rùn lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti dé nìyí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí inspẹ́kítọ̀ tuntun dé láti ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, n kò rò pé ó tó mi lọ́jọ́ orí, bàtà funfun ló sì wọ̀ wá sínú ẹrẹ̀ wa. Ó yẹ gbogbo ẹ̀ka wò, ó yìn wá, títí ó fi dé àtíbàbà Bàbá.

"Ta ló ń kọ́ wọn níbí?"

"Bàbá Súnmọ́nù ni, sà," ni Ọ̀gá Olúgbèmí dáhùn.

"Ìwé ẹ̀rí wọn dà?"

"Wọ́n ń bẹ lójú omi, sà. Láti ibí dé Ẹ̀pẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló ń kó èrò."

Inspẹ́kítọ̀ yí ojú sí ọ̀sà. "Mi ò rí ju pẹ́pẹ́yẹ lọ, sà."

Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ìjọba kò lè fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ẹ̀ka tí olùkọ́ rẹ̀ kò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Ohun kan ṣoṣo ló lè yí i padà. Kí a kọ ètò ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan àti iṣẹ́ rẹ̀. Kí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e kan ọkọ̀ kan. Kí ọkọ̀ náà sì gbé òun dé Bàdóre, kó gbé òun padà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Bàbá yóò dúró gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ìjọba yóò sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ mọ́kànlá tó wà lábẹ́ wọn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọn yóò ti ẹ̀ka náà pa ní ìparí táàmù, Bàbá yóò sì máa lọ sílé.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára jù ni Ràímì. Apẹja ni tẹ́lẹ̀, ó ti lé ní ọdún márùndínlógójì, ó ní ọmọ mẹ́rin, kò sì sí ohun tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́ àfi ìwé. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé kíkà láti a, b, d. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Àpápá ti ní àwọn máa gbà á síṣẹ́ bó bá lè mú ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fọwọ́ sí wá. Lójoojúmọ́ ló ń bi mí pé, "Àǹtí, ìwé yẹn ńkọ́?"

Mo jókòó ti fọ́ọ̀mù inspẹ́kítọ̀. Àpótí kan wà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ pé kò gbọdọ̀ sí àpótí òfìfo. Mo fa ìwé ìrántí àtijọ́ mi yọ, inú mi dùn pé mo ti kọ gbogbo iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Mo ń kọ ọ́ lọ títí mo fi dé ọjọ́ márùn-ún tí mo kọ pé a kò ṣe nǹkan kan. Mo wò ó. Inspẹ́kítọ̀ ti ń fura sí Bàbá tẹ́lẹ̀. Ṣé kí n tún fi ẹ̀rí ọ̀lẹ lé e lọ́wọ́? Mo yọ ọjọ́ márùn-ún náà. Mo kọ dípò wọn: "Kíkùn ọ̀dà lẹ́ẹ̀kejì àti nínu ọkọ̀." Mo rántí pé mo ka ètò náà sétí Bàbá nígbà tí wọ́n ń fá pákó, tí wọ́n ní, "Ó dáa." Bóyá mo ka ojú ewé yẹn, bóyá mo fò ó, n kò lè búra.

Wọ́n kan ọkọ̀ náà, ó sì rẹwà. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé àti funfun. Ọyẹ́ dé bí a ṣe parí rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fẹ́ kọjá lábẹ́ àtíbàbà. Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù kí inspẹ́kítọ̀ dé nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá sí Ẹ̀pẹ́, pé ẹ̀gbọ́n wọn ń ṣàìsàn. Ràímì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, kí wọ́n tó wọkọ̀, wọ́n ní, "Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lórí ilẹ̀ o." Ohun tí ó wà nínú ìwé ìrántí mi ni pé, "Bàbá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo fún wọn ní búrẹ́dì."

Ní ọjọ́ kejì, Ràímì wá bá mi.

"Àǹtí, ṣé a ò ní rì í sómi ná?"

"Ká rì í? Wo bí ọ̀dà yìí ṣe ń dán, Ràímì!"

"Mo kàn rò pé àwọn àgbà máa ń…"

"Kí ló wà nínú ìwé fún òní?"

Ó mú ìwé náà sókè, ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe kọ́ ọ. "Nínu… ọkọ̀."

"Ẹ máa nù ún nìyẹn."

Ó gbà, nítorí ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ láti bọ̀wọ̀ fún ohun tí a tẹ̀ sórí ìwé. Fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, ọkùnrin mọ́kànlá fi rágì nu ọkọ̀ náà nínú ọyẹ́.

Ọjọ́ náà pé. Èrò kún etí omi. Inspẹ́kítọ̀ dé pẹ̀lú bàtà funfun àti kúlà oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀. Èmi, òun àti Ọ̀gá Olúgbèmí jókòó sáàárín ọkọ̀, Ràímì àti ẹni méjì ń tu ọkọ̀. A kò tíì jìnnà sí èbúté nígbà tí Ọ̀gá wo ẹsẹ̀ wọn.

"Ràímì, omi wo lèyí?"

"Omi ọ̀sà ni, sà."

"Mo mọ̀ pé omi ọ̀sà ni! Kí ló ń wá níbí?"

"Ó ń wọlé ni, sà."

Lóòótọ́ ló ń wọlé, láti ojú ìpàdé gbogbo, bí òógùn. Inspẹ́kítọ̀ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí bẹ́ǹṣì. Ràímì ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yá mi ní kúlà yín," ṣùgbọ́n ó ti ṣí i kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ó fi ọ̀wọ̀ da ìrẹsì inú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ inspẹ́kítọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kúlà gbọ́n omi. Láti etí omi, ohùn Ìyá Sàbí dé: "Mísì! Ṣé ọkọ̀ lẹ kàn ni àbí asẹ́?" Ọkọ̀ náà rọra wọlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó, ó gúnlẹ̀ sórí iyanrìn, omi sì mu wá dé ìbàdí. A fi ẹsẹ̀ rìn padà sí èbúté. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Ìrẹsì náà ń léfòó tẹ̀ lé wa.

Lọ́sàn-án, ṣòkòtò inspẹ́kítọ̀ wà lórí okùn, òun fúnra rẹ̀ wà nínú ìró tí Ìyá Sàbí yá a, ó ń kọ ìjábọ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ dúró yí wa ká. Ràímì pàápàá kò ní yẹ̀yẹ́ lẹ́nu. Àkókò yẹn ni ọkọ̀ èrò láti Ẹ̀pẹ́ dé, tí Bàbá Súnmọ́nù sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n rí ọkọ̀ wa, tí ó kù díẹ̀ kí omi bò ó tán. Ojú wọn tàn.

"Alihamudulilai! Ẹ ti rì í! Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́! Ẹ̀rù ti ń bà mí lọ́nà pé ẹ ó ti gbàgbé." Wọ́n tún wò ó. "Ṣùgbọ́n ta ló da ìrẹsì sómi?"

Inspẹ́kítọ̀ gbé ojú sókè. "Bàbá, ṣé ó yẹ kí wọ́n rì í ni?"

"Kí wọ́n má rì í kẹ̀? Ọyẹ́ ti gbẹ pákó, ojú ìpàdé ti là. Bó bá lo ọjọ́ márùn-ún nínú omi, pákó á wú, á fún òwú mọ́ra, o ò ní lè ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́." Wọ́n wo ìró tó wà lára rẹ̀, wọn kò dá a mọ̀. "Ọmọ ẹ̀kọ́ tuntun ni ọ́, ọmọ mi?"

"Èmi ni inspẹ́kítọ̀, sà."

"Yéè! Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ má bínú, aṣọ ló ṣì mí lọ́nà."

Inspẹ́kítọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ètò ẹ̀kọ́ wa yọ nínú báàgì, ó ń ṣí i wò láti ewé dé ewé. "Kò sí nínú ìwé. Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀kọ́ yìí. Kí ló dé tí kò fi sí nínú ìwé?"

Bàbá wo ìwé tí wọn kò lè kà. Wọ́n wo àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ wọn. Wọ́n ní, "Bí kò bá sí níbẹ̀, á jẹ́ pé mi ò sọ ọ́ fún wọn. Ara ti ń dàgbà." Inspẹ́kítọ̀ sì gbé bírò rẹ̀.

Mo ní, "Wọ́n ṣe é níṣojú mi lẹ́ẹ̀mejì, sà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì yọ ọ́. Èmi ni."

Ìwé ìrántí mi sọ pé mo jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo kà á sétí Ràímì lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó mi orí. "Àǹtí, ẹ pẹ́ o. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó lanu." Ràímì ni mo gbà gbọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ ayé mi, kì í ṣe ọkọ̀ tó rì. Àárín ikọ́ kìíní àti ìkejì ni.

"Kí ló dé tí ẹ fi yọ ọ́?" ni inspẹ́kítọ̀ bi mí.

"Ẹ ní kò gbọdọ̀ sí àpótí òfìfo, sà."

Ó wo ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà. Ìyá Sàbí ló kọ́kọ́ rín, wọn kò lè pa á mọ́ra. Lẹ́yìn náà, inspẹ́kítọ̀ di ìró rẹ̀ mú kó má baà tú, òun náà sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ya ìjábọ̀ tó ń kọ. "Ọjọ́ márùn-ún lẹ wí, Bàbá? Mò ń bọ̀."

Ó padà wá lóòótọ́, pẹ̀lú sálúbàtà rọ́bà. Wọ́n ti gbọ́n omi inú ọkọ̀ náà dànù. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn kan sísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ní kí a máa lọ. A dé Bàdóre, a mu omi àgbọn, a padà. Nígbà tí a gúnlẹ̀, ó mú ìwé ìròyìn náà nílẹ̀, ó ṣí i, ó sì kà á níwájú gbogbo wa. Kò rin rárá.

Kí n tó sọ bí wọ́n ṣe pín ìwé ẹ̀rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù. Bàbá tún kọ́ ènìyàn fún ọdún díẹ̀ sí i. Èmi náà jókòó tì wọ́n, mo tún ètò náà kọ, ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe ni mo ń kọ, títí kan ìgbà tí wọ́n bá dákẹ́. Ọ̀nà ọlọ́dà gba àdúgbò wa kọjá, ọkọ̀ fáíbà gba ọjà mọ́ pákó lọ́wọ́, ẹ̀ka ọkọ̀ ojú omi sì di ẹ̀ka tí ń tún mọ́tò ṣe. N kò sunkún. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ìlú ni kì í dúró kọ́ ìlú ní ohun tí kò lò mọ́. Mo fẹ̀yìn tì kí àwọn ọdún 1980 tó parí. Bí ẹ bá ń bi mí bóyá kí ẹ ṣe iṣẹ́ ìwé tàbí iṣẹ́ ọwọ́, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kí ẹni tó bá ń kọ iṣẹ́ ẹlòmíràn sílẹ̀ máa béèrè, kódà bó bá ti rẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n pín ìwé ẹ̀rí, ìjọba ti gbà pé kí Bàbá fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí olùkọ́ yóò fọwọ́ sí. Àwọn àlejò ti jókòó. Bàbá mú ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí n ka orúkọ tó wà lórí rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo ka ti Ràímì, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò.

"Ìpàdé kejì lápá òsì, lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn. Ìwọ lo dí i."

"Èmi ni, Bàbá. Kò jò mọ́, Bàbá."

"Omi ló ràn ọ́ lọ́wọ́. Òwú ẹ ò tó. Lọ tún un ṣe."

"Bàbá, ní báyìí? Dàńṣíkí tuntun nìyí o!"

"Bọ́ ọ."

Inspẹ́kítọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, Ọ̀gá Olúgbèmí sì fọwọ́ kàn án nítan. Ràímì bọ́ dàńṣíkí, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀. Níwájú àlejò gbogbo, wọ́n fa ọkọ̀ sórí ilẹ̀, ó tú òwú kúrò, ó ki òmíràn, ó fi ọ̀dà dúdú lé e. Ìrun alásárì dé, wọ́n kí i, wọ́n padà jókòó. Bàbá fi ìka wọn tọ ojú ìpàdé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n padà sídìí tábìlì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Ràímì gba ìwé náà kó tó rántí pé òun kò tíì fọ ọwọ́.

Ó ní, nígbà tí òun mú un dé Àpápá, ọ̀gá ibẹ̀ tọ́ka sí ìka dúdú mẹ́rin tó wà létí ìwé, ó bi òun pé ta ló bà á jẹ́. Òun ní, "Èmi ni, sà. Iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi nígbà tí wọ́n fún mi." Ọ̀gá náà ní kí òun bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. N kò sí níbẹ̀, n kò sì ní ẹ̀rí mìíràn ju ẹnu Ràímì lọ, ṣùgbọ́n mo ti fọwọ́ ara mi kan ìka mẹ́rin náà lórí ìwé, níbi tó gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀ rẹ̀.